Iná check engine àti iná DPF tàn lẹ́yìn sáfíìsì, P2453 àti P0101: ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n gé DPF yìí?

Ìyá_Bọ́ọ̀sì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa mọ́tò. Mo ní Sprinter tokunbo kan, dísẹ́ẹ̀lì, ti ọdún 2013, Euro 5 (ìpele òfin èéfín ti Yúróòpù) ni ìwé ẹ̀ pè é, òun ló ń kó àwọn òṣìṣẹ́ láti Bódìjà àti Mọ́kọ́lá lọ sí apá Tollgate láàárọ̀, tó sì ń kó wọn bọ̀ nírọ̀lẹ́. Kò yọ mí lẹ́nu rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ní kí wọ́n ṣe sáfíìsì fún un, wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, fíltà ọ́ìlì, fíltà afẹ́fẹ́ àti fíltà dísẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì tún fi omi fọ ẹ́ńjìnnì torí ó ti dọ̀tí. Ó jáde níbẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ kejì ni dírẹ́bà mi pè mí láti Ìwó Road pé iná check engine ti tàn, iná DPF (fíltà tó ń gba èédú inú èéfín lára ẹ̀sọ́ọ̀sì) náà tàn tẹ̀ lé e, mọ́tò ò sì fà mọ́, bó ti wù kó tẹ tọ́rọ́tù tó, ẹ́ńjìnnì ò kọjá 3000.

Mo dá a padà síbẹ̀. Wọ́n scan ẹ̀, kóòdù P2453 àti P0101 ló jáde. Ọ̀gá mẹkáníìkì ní DPF ti kú nìyẹn, ó ní bí gbogbo tokunbo ṣe máa ń ṣe nìyẹn, pé kí n jẹ́ kí òun gé e, kí òun kó inú ẹ̀ dànù, kí òun wá pe ẹnì kan tó máa bá mi pa á rẹ́ nínú brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì. Owó tó dá lé e ò kéré rárá. Ohun tí ò yé mi ni pé mọ́tò tí ò ṣe nǹkan kan kó tó dé ọwọ́ yín, báwo ni DPF ẹ̀ ṣe máa kú mọ́jú ọjọ́ kejì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó sanwó.

Rewáyà_Gate
Ẹ kú àfaradà mà. Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni o, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ayùn kan páìpù yẹn. DPF kì í kú lóru ọjọ́ kan, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń dí.

Ẹ jẹ́ ká ka kóòdù náà bó ṣe wà, torí àwọn èèyàn wa tí wọ́n bá ti rí DPF lójú scanner báyìí wọn ò ní ka ìyókù mọ́. P2453 ò sọ pé DPF dí. Èyí tó máa sọ pé èédú èéfín ti kún un ni P2463. Èyí tó máa sọ pé eérú ló kún un ni P242F. P2002 ló máa sọ pé DPF ò ṣiṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ, bóyá ó ti fọ́ nínú tàbí ẹnì kan ti kó inú ẹ̀. P2453 ní tiẹ̀, sẹ́ńsọ̀ ló ń bá wí. Sẹ́ńsọ̀ kan wà tó ń wo bí èéfín ṣe ń tì níwájú DPF àti bó ṣe ń tì lẹ́yìn ẹ̀, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni brain box fi ń mọ̀ bóyá DPF ti ń kún. P2453 ń sọ pé ohun tí sẹ́ńsọ̀ yẹn ń rò fún òun ò bọ́gbọ́n mu. Sẹ́ńsọ̀ náà ní ẹnu wáyà, ó sì ní họ́ọ̀sì rọ́bà tó wọ páìpù irin tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan láti iwájú DPF, èkejì láti ẹ̀yìn ẹ̀.

P0101 ò tilẹ̀ kan DPF rárá. Airflow ni, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ tó ń ka afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ tó kà pé ó ń wọlé ò bá ìṣirò brain box mu.

Ẹ wá wò ó mà, kóòdù 2, sẹ́ńsọ̀ ni méjèèjì, ibi tí ọwọ́ àwọn tó ṣe sáfíìsì kàn ni méjèèjì sì wà. Wọ́n ṣí ilé fíltà afẹ́fẹ́, ẹnu ẹ̀ gan-an ni airflow wà. Wọ́n da omi sórí ẹ́ńjìnnì, ẹnu wáyà sẹ́ńsọ̀ ò fẹ́ràn omi. Èmi, tí wọ́n bá gbé irú ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi, ibi tí ọwọ́ ti kàn án gbẹ̀yìn ni mo máa kọ́kọ́ lọ. Ẹ bá wa béèrè: kí ni wọ́n yọ kí wọ́n tó ráyè dé ibi fíltà dísẹ́ẹ̀lì? Ṣé wọ́n ti pa kóòdù náà rẹ́ kí ẹ tó dé? Irú ọ́ìlì wo ni wọ́n dà sí i?

Awakọ̀_Òjòó
Ìyá wa, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi gírámà dá yín dúró. Ojú ọ̀nà yìí la wà ojoojúmọ́. DPF òyìnbó ló ni ín, ojú ọ̀nà tó dán tí wọ́n ti ń sáré láìdúró ni wọ́n ṣe é fún. Láti Òjòó dé Ìwó Road nìkan, go-slow tẹ́ ẹ máa bá pàdé láàárọ̀ tó láti dí i. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ̀ ń rí ní gáréèjì ni wọ́n ti kó inú ẹ̀ dànù, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń fà dáadáa, wọn ò sì mu epo jù. Bó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀sì ló ń bọ́ yín, iṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ dúró, ẹ kó o dànù kẹ́ ẹ gbàgbé ẹ̀.

Ẹ́ńjíníà_Akọbọ̀
Bọ̀dá Awakọ̀, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ go-slow tẹ́ ẹ sọ yẹn òótọ́ ni, a máa padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbà pẹ̀lú yín lórí kíkó o dànù, ẹ jẹ́ n sọ ìdí ẹ̀.

Èédú tó wà nínú èéfín dísẹ́ẹ̀lì kéré débi pé ojú lásán ò lè rí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ, kì í jáde bọ̀rọ̀. Lọ́dún 2012 ni ẹ̀ka tó ń rí sí ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ WHO fi èéfín dísẹ́ẹ̀lì sí ìsọ̀rí kìíní, pẹ̀lú àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn. Ní Yúróòpù, mọ́tò kékeré tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì láyè láti tú èédú gíráàmù 0.025 jáde ní kìlómítà kan nígbà Euro 4, nígbà tó di Euro 5 wọ́n fà á wálẹ̀ sí 0.005. DPF ló jẹ́ kí ìyẹn ṣeé ṣe. Bọ́ọ̀sì yìí ń gba iwájú ilé ìwé kọjá ní Bódìjà, àwọn ọmọ wa ló ń dúró létí títì yẹn, àwọn ìyá tó ń ta àkàrà náà wà níbẹ̀ láti ìdájí. Ẹni tó bá kó inú DPF dànù, orí wọn ló da gbogbo ẹ̀ lé. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an ni, mi ò ní fi bò.

Ẹ tún wo ti owó. Tẹ́ ẹ bá kó inú ẹ̀ dànù, sẹ́ńsọ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀, kò ní rí ìyàtọ̀ kankan mọ́ láàárín iwájú àti ẹ̀yìn, á wá gbé P2002 tàbí P244A jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé àwọn máa "pa á rẹ́ nínú brain box". Ẹni tó ń ṣe é á kọ nǹkan tiẹ̀ lé orí iṣẹ́ àwọn tó ṣe mọ́tò náà, tí ò bá sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, ìṣòro míì lẹ máa fi owó yín rà. Èyí tó wá burú jù níbi ọ̀rọ̀ ti Ìyá wa ni pé ohun tó ń ṣe mọ́tò náà á ṣì wà níbẹ̀. P0101 ò ní lọ nítorí pé ẹ gé DPF.

Ìyá_Bọ́ọ̀sì
Ẹ ṣeun gan-an. Mo pe dírẹ́bà tó dúró tì wọ́n níjọ́ náà. Ó ní wọ́n yọ àwọn họ́ọ̀sì kéékèèké kan lókè kí ọwọ́ wọn lè wọlé, wọ́n sì dá wọn padà nígbà tí wọ́n ṣe tán. Ó ní wọ́n fi ọ̀rá wé ibì kan kí wọ́n tó da omi, ṣùgbọ́n wọn ò wé gbogbo ẹ̀. Wọ́n ti pa kóòdù rẹ́ lẹ́ẹ̀kan kí n tó dé, kò pẹ́ tó fi tún tàn. Kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì tí wọ́n lò wà lọ́wọ́ mi, 15W-40 ni, wọ́n kọ ìpele ọ́ìlì API CF-4 sí i lára. Dipstick ṣì wà láàárín àmì méjèèjì.

Rewáyà_Gate
Họ́ọ̀sì kéékèèké! Ẹ fún mi láyè mà, ìyẹn gan-an ni mo ń wá.

Ẹ wá ẹni tó ní scanner tó lè ka live data (ohun tí àwọn sẹ́ńsọ̀ ń kà lọ́wọ́lọ́wọ́), kì í ṣe èyí tó ń ka kóòdù nìkan. Kí ó má pa nǹkan kan rẹ́ o. Kó kọ́kọ́ kọ kóòdù sílẹ̀, kó ṣí freeze frame, ìyẹn ló ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe wà gan-an nígbà tí iná tàn, bó ṣe gbóná tó, bó ṣe ń yí tó, bí mọ́tò ṣe ń sáré tó. Ẹni tó bá kàn tẹ clear láìkọ ìyẹn sílẹ̀ ti sọ ẹ̀rí nù.

Lẹ́yìn náà kó wá ibi tí differential pressure wà, ìyẹn ìyàtọ̀ iwájú àti ẹ̀yìn DPF tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Kó yí kọ́kọ́rọ́ sí on láì tẹ ẹ́ńjìnnì, èéfín ò tíì sí nínú páìpù, 0 ló yẹ kó kà tàbí kó fẹ́ẹ̀ jẹ́ 0. Tí ò bá jẹ́ 0 nígbà yẹn, sẹ́ńsọ̀ fúnra ẹ̀ tàbí wáyà ẹ̀ ló níṣòro. Tó bá jẹ́ 0, kó tẹ ẹ́ńjìnnì, kó jẹ́ kó gbóná, kó wò ó nígbà tó bá dúró jẹ́ẹ́. DPF tó mọ́ kì í sábà kọjá nǹkan bíi 10 mbar (ìwọ̀n bí èéfín ṣe ń tì) ní idle. Kó wá tẹ tọ́rọ́tù díẹ̀díẹ̀ dé 2500, ó yẹ kó máa gòkè tẹ̀ lé e. Tó bá gòkè rọra, họ́ọ̀sì àti sẹ́ńsọ̀ dára. Tó bá fò sókè gan-an, DPF ti ń kún. Tó bá dúró sí 0 bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó, họ́ọ̀sì ti yọ, ó ti ya tàbí ó ti dí. Tó bá ń lọ sí minus, wọ́n ti gbé họ́ọ̀sì méjèèjì fún ara wọn, ti iwájú wọ ẹnu ti ẹ̀yìn.

Fún P0101, kí wọ́n ṣí ilé fíltà afẹ́fẹ́, kí wọ́n wò ó bóyá fíltà tuntun yẹn jókòó dáadáa, bóyá gbogbo kílíìpù ẹ̀ wọlé, bóyá kílámù họ́ọ̀sì ńlá tó ti ibẹ̀ lọ sí tọ́bò dì. Afẹ́fẹ́ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé lẹ́yìn airflow, airflow ò mọ̀ nípa ẹ̀, ó ti di irọ́ lójú brain box nìyẹn.

ỌmọMọ́níyà
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo já wọ inú ọ̀rọ̀. Èmi náà ní bọ́ọ̀sì kan, Euro 6, tó ń lo AdBlue. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe sáfíìsì, P207F jáde, lẹ́yìn náà P20EE, ó sì ń ka kìlómítà sílẹ̀ fún mi lójú dashboard pé tó bá pé òun ò ní start mọ́. Ṣé DPF náà nìyẹn?

Ẹ́ńjíníà_Akọbọ̀
Rárá àbúrò, ìyẹn ọ̀tọ̀, ti tiẹ̀ jẹ́ mọ́ NOx, gáàsì olóró kan nínú èéfín. P207F ń sọ pé omi AdBlue tó wà nínú táńkì ò dáa. P20EE ń sọ pé iṣẹ́ tí SCR, ìyẹn kátálísì tó ń lo AdBlue, ń ṣe láti pa NOx ti kéré sí ohun tó yẹ. Táwọn méjèèjì bá tẹ̀ léra bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ẹnì kan ti fi nǹkan kún táńkì, omi yẹn ni kó o kọ́kọ́ fura sí, kó o tó fura sí sẹ́ńsọ̀ NOx tó wọ́n bí ojú. AdBlue gidi, ISO 22241 ló ń tẹ̀ lé, urea ìdá 32.5 nínú 100, ìyókù omi tí wọ́n ti yọ gbogbo iyọ̀ inú ẹ̀. Omi pọ́ńpù ò lè rọ́pò ẹ̀, omi inú ọ̀rá náà ò lè rọ́pò ẹ̀, urea ajílẹ̀ tí wọ́n pò mọ́ omi ń ba kátálísì jẹ́ ni.

Ooru tún wà. Tí wọ́n bá tọ́jú ẹ̀ síbi tí ò ju 25°C lọ, ó lè pé oṣù 18. Ní 30°C ó di oṣù 12, ní 35°C oṣù 6 ni. Wá wo kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gbé sójú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù látàárọ̀ dalẹ́, ta ló mọ ìgbà tó ti wà níbẹ̀? Wo déètì ara ẹ̀. Wá ẹni tó ní refractometer AdBlue, ẹ̀kán díẹ̀ ló máa fi wò ó, ó máa sọ fún ẹ bóyá ó wà ní 32.5. Tí ò bá sí níbẹ̀, kí wọ́n tú táńkì náà dànù pátá, kí wọ́n fi ojúlówó sí i. Tẹ́nì kan bá sì ti ṣèèṣì da dísẹ́ẹ̀lì sí táńkì AdBlue, má tilẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́, ní kí wọ́n fa mọ́tò náà lọ. Ṣùgbọ́n dákun, ṣí ìjíròrò tìẹ kí ti Ìyá wa má bàa dàrú.

Ìyá wa, ó yá o, ọ̀rọ̀ ọ́ìlì. CF-4 tí wọ́n dà sí i yẹn kọ́ ló tan iná yìí, kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní dákẹ́ lórí ẹ̀ torí òun ló máa pa DPF yẹn fún yín lóòótọ́ tẹ́ ẹ bá ń bá a lọ. Nǹkan méjì ló ń wọ inú DPF. Èédú èéfín, ìyẹn ń jóná: tí ẹ̀sọ́ọ̀sì bá gbóná tó, nǹkan bíi 600°C nígbà tí brain box bá fúnra ẹ̀ dá iná sí i, á jó dànù. Èkejì ni eérú, inú kẹ́míkà tí wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì ló ti ń wá, torí gbogbo ẹ́ńjìnnì ló ń jó ọ́ìlì díẹ̀. Bó ṣe wà nídìí àdògán ni, igi á jó tán, eérú á kù síbẹ̀, kò sí iná tẹ́ ẹ máa dá tó máa jó eérú. Ó ń pọ̀ sí i títí láì ni.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe ọ́ìlì eérú kékeré. Ti Sprinter yín tó ní DPF, ẹ wo ẹ̀yìn kẹ́ẹ̀gì fún àmì Mercedes, MB 229.51 tàbí 229.52. Ọ́ìlì tó bá jẹ́ ìpele ACEA C3 ti Yúróòpù ò gbọ́dọ̀ ní eérú ju 0.8 nínú 100 lọ, àwọn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ńlá bíi API CJ-4 àti CK-4 ò gbọ́dọ̀ ju 1.0 lọ. CF-4 ti pẹ́ gan-an, kí DPF tó wọ́pọ̀ lára mọ́tò ni wọ́n ti ṣe é, kò sẹ́ni tó ń ro ti eérú fún DPF nígbà yẹn. Wọ́n lè sọ fún yín pé ọ́ìlì dísẹ́ẹ̀lì ṣáà ni, pé ó nípọn, pé ó dáa fún ooru wa. Ẹ ní kí wọ́n tu ú, kí wọ́n fi èyí tó yẹ sí i.

Awakọ̀_Òjòó
Ẹ́ńjíníà, mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn lórí go-slow. Tí bọ́ọ̀sì bá ń rá pálá láti Bódìjà dé Tollgate lójoojúmọ́, nígbà wo ni ẹ̀sọ́ọ̀sì fẹ́ gbóná dé 600 tẹ́ ẹ̀ ń pè yẹn? Àti dísẹ́ẹ̀lì wa yìí ńkọ́, ṣé ẹ máa sọ pé ọ̀kan náà ni pẹ̀lú tòyìnbó?

Ẹ́ńjíníà_Akọbọ̀
Ìbéèrè yín dáa bọ̀dá, ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú yín nìyí. Dísẹ́ẹ̀lì Yúróòpù ti di 10 ppm sulfur (ìdá 10 nínú mílíọ̀nù kan) láti 2009, ohun tí ECOWAS fọwọ́ sí fún ilẹ̀ wa lọ́dún 2020 sì jẹ́ 50 ppm. Sulfur tó bá pọ̀ ń bá kátálísì jà, ó sì ń fi kún ohun tó ń wọ DPF. Torí náà ibi tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ pé dísẹ́ẹ̀lì wọn dáa ni kẹ́ ẹ ti máa rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń ta nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ní ti go-slow, brain box kì í dúró de ọ̀nà tó dán. Tó bá ti rí i pé èédú pọ̀, ó máa ń fi epo kún un lẹ́yìn tí piston ti ṣiṣẹ́, kí ẹ̀sọ́ọ̀sì lè gbóná. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn nǹkan tó fẹ́ rí kó tó bẹ̀rẹ̀: ẹ́ńjìnnì ti gbóná dáadáa, epo inú táńkì ò kéré jù, kò sì sí kóòdù lára àwọn sẹ́ńsọ̀ tó ń bá a ṣiṣẹ́ yẹn. Tí dírẹ́bà bá pa ẹ́ńjìnnì láàárín ẹ̀, kò parí nìyẹn, epo tó ti wọlé á sì máa ṣàn sínú ọ́ìlì. Ẹ máa wo dipstick, tó bá ń gòkè ju bẹ́ ẹ ṣe fi sílẹ̀ lọ, dísẹ́ẹ̀lì ti ń dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì nìyẹn, kò sì dáa fún ẹ́ńjìnnì.

Ẹ wá rí i bí họ́ọ̀sì tí wọ́n bá gbé fún ara wọn ṣe lè ba DPF tó dáa jẹ́ báyìí. Níwọ̀n ìgbà tí P2453 bá ṣì wà, brain box ò ní dáná sí DPF, torí kò gba ohun tí sẹ́ńsọ̀ ń sọ gbọ́. Mọ́tò á máa rìn, èédú á máa kún, á wá dí lóòótọ́, ẹni tó sọ pé DPF ti kú á wá ní ṣebí òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá wa, ẹ má gbé e lọ síṣẹ́ títí wọ́n á fi yanjú ẹ̀.

Ìyá_Bọ́ọ̀sì
Mo ti dá a dúró, mo háyà bọ́ọ̀sì míì fún àwọn òṣìṣẹ́. Mo mú rewáyà kan tó ní scanner Launch wá sílé, mo jókòó tì í, mo sì ka ohun tí Rewáyà_Gate kọ fún un ní ìkọ̀ọ̀kan.

Kọ́kọ́rọ́ on láì tẹ ẹ́ńjìnnì, ó kà 0. Ó tẹ ẹ́ńjìnnì, nígbà tó gbóná, ó kà minus 3 mbar. Ó tẹ tọ́rọ́tù dé 2500, ó túbọ̀ ń lọ sínú minus ni. Inú mi dùn débi pé mo pariwo, rewáyà náà rẹ́rìn-ín. Ó tọ họ́ọ̀sì méjèèjì dé ibi tí páìpù irin wọn ti jáde lára DPF, wọ́n ti gbé wọn fún ara wọn lóòótọ́. Ọ̀kan nínú wọn sì ti ya létí ibi tó ti wọ ẹnu sẹ́ńsọ̀, ó jọ pé wọ́n fi pílíàsì fà á.

Ilé fíltà afẹ́fẹ́ náà, kílíìpù ẹ̀yìn kan wà tí ò wọlé rárá, fíltà tuntun yẹn sì kúrú díẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, kò dí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pa.

Rewáyà_Gate
A dúpẹ́ o! Ẹ má tún họ́ọ̀sì tó ya yẹn so mà, ẹ rà méjèèjì ní tuntun. Ẹ lọ sí Aràrọ̀mí ní Gate, ẹ mú ti tẹ́lẹ̀ dání kí wọ́n lè fi wé e, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé họ́ọ̀sì tó lè gba ooru àti èéfín lẹ fẹ́, ẹ má gba họ́ọ̀sì omi wiper lọ́wọ́ wọn, kì í pẹ́ yọ́. Kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ fọn inú páìpù irin méjèèjì kó lè mọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára sẹ́ńsọ̀ kí wọ́n tó fọn ọ́n, afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ máa pa sẹ́ńsọ̀ náà lójú ẹsẹ̀. Ẹ ra fíltà afẹ́fẹ́ tó bá nọ́ńbà ti tẹ́lẹ̀ mu. Airflow, kí wọ́n fi ìfọ́n tí wọ́n ṣe fún airflow fọ̀ ọ́, kí wọ́n má fi ìka tàbí aṣọ kàn án.

Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ ni kí wọ́n tó clear. Kí wọ́n wo live data lẹ́ẹ̀kan sí i níbẹ̀, kẹ́ ẹ rí i pé ó ń gòkè báyìí. Ẹ wá gbé e jáde ní Tollgate lọ sí ọ̀nà Ṣàgámù, nǹkan bíi ìṣẹ́jú 20 sí 30, kí ẹ́ńjìnnì máa yí láàárín 2000 sí 2500 láìdúró. Ẹ lọ ní ọjọ́ Sunday láàárọ̀ kí ọ̀nà lè ṣófo. Ẹ má pa á tẹ́ ẹ bá rí i pé fáànù ń pariwo tàbí òórùn gbígbóná ń jáde, ẹ jẹ́ kó parí. Ìgbà ọyẹ́ la wà yìí, ẹ má páàkì ẹ̀ sórí koríko gbígbẹ rárá, ẹ̀sọ́ọ̀sì tó gbóná bẹ́ẹ̀ lè dáná sí igbó.

Awakọ̀_Òjòó
Ìyá wa, tó bá ṣe dáadáa ẹ padà wá sọ fún wa o. Bọ́ọ̀sì ọ̀rẹ́ mi kan wà ní gáréèjì báyìí tí wọ́n fẹ́ gé tiẹ̀, mo ti ní kó dúró ná.

Ìyá_Bọ́ọ̀sì
Mo ti padà. Họ́ọ̀sì tuntun 2, fíltà afẹ́fẹ́ tuntun, ọ́ìlì 229.51. Gbogbo ẹ̀ pọ̀ ò dé ìlàta owó tí wọ́n bèèrè fún gígé DPF. Ní idle, ó kà 6 mbar, ní 2500 ó gòkè rọra bẹ́ ẹ ṣe wí. Dírẹ́bà gbé e lọ sọ́nà Ṣàgámù lọ́jọ́ Sunday, ó ní ó kọ́kọ́ ń fà lọ́ra, ó wá tú ara sílẹ̀ lójú ọ̀nà, iná DPF sì kú fúnra ẹ̀. Nígbà tó dé, a tún scan ẹ̀, kò sí kóòdù, kò sí pending, ìyẹn kóòdù tó ṣì ń bọ̀. Ní idle ó ti wá sílẹ̀ sí 4.

Mo pe ọ̀gá mẹkáníìkì náà wá, mo fi họ́ọ̀sì tó ya hàn án, mo sì fi nọ́ńbà ẹ̀yìn kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì hàn án. Ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó ní òun ò mọ̀ pé ọ́ìlì ní irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ṣì máa gbé mọ́tò fún un, ọwọ́ ẹ̀ dáa nídìí bíréèkì àti ẹsẹ̀ mọ́tò. Ṣùgbọ́n látìsinsìnyí dírẹ́bà mi á ya fọ́tò òkè ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó ṣí nǹkan kan, á sì fi péńtì sàmì sí họ́ọ̀sì iwájú. Ọ́ìlì, èmi ni n óò máa rà á.

Rewáyà_Gate
Inú mi dùn gan-an mà. Ẹ kọ 4 mbar yẹn sínú ìwé mọ́tò pẹ̀lú kìlómítà tó wà lójú dashboard. Nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ ṣe sáfíìsì, ẹ ní kí wọ́n kà á fún yín ní idle àti ní 2500 kí wọ́n tó ṣí nǹkan kan, kí wọ́n sì tún kà á nígbà tí wọ́n bá ṣe tán. Tó bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láti oṣù dé oṣù, tó sì jẹ́ pé ọ̀nà Ṣàgámù ò mú un wálẹ̀ mọ́, eérú ló ń pọ̀ nìyẹn, ìgbà yẹn la máa sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń yọ DPF láti fọ̀ ọ́.

Bọ̀dá Awakọ̀, kóòdù wo ló wà lára ti ọ̀rẹ́ yín?

Awakọ̀_Òjòó
P2463. Mo wo dipstick ẹ̀, ọ́ìlì ti kọjá àmì òkè.

Rewáyà_Gate
Ìyẹn yàtọ̀ sí ti Ìyá wa, èédú ló kún tiẹ̀ lóòótọ́, dísẹ́ẹ̀lì sì ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì ẹ̀. Kó má wà á lọ síbi kankan, títí kan ọ̀nà Ṣàgámù. Kó kọ́kọ́ tu ọ́ìlì yẹn dànù, kó fi tuntun sí i, kí wọ́n wá wo ìdí tí brain box fi ń dáná sí i láìparí. Ní kó gbé nọ́ńbà differential pressure wá síbí ní key on, ní idle àti ní 2500, pẹ̀lú gbogbo kóòdù tó bá wà lára ẹ̀, kó má pa ìkankan rẹ́.